Ẹ Fi Ojú Ọlọ́jà Wo Ilé Ìdáná Yín: Ìtọ́sọ́nà Lórí Ìnáwó Ilé àti Owó Ìpamọ́

Ìyá mi ta ẹ̀wà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, títí ọjọ́ ogbó fi dá wọn dúró sílé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ, wọ́n wá kí mi, wọ́n sì rí i pé mo ra kóńgò ẹ̀wà kan lọ́jọ́ Ajé, mo tún ra kóńgò kan lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n pè mí jókòó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọlọ́jà tó bá ń ra ọjà báyìí á jẹ gbèsè kóṣù ó tó parí. Ilé náà, ṣọ́ọ̀bù ni." Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi.

Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kéré ló ń ra nǹkan lọ́wọ̀n-ọ́n jù. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rà á, àsìkò tí gbogbo ayé ń wá nǹkan náà ló sì ń rà á. Òróró inú ọ̀rá wọ́n ju ti kẹ́ẹ̀gì lọ. Ẹ̀wà oṣù Kẹfà wọ́n ju ẹ̀wà oṣù Kejìlá lọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù dópin, owó ọkọ̀ ti gun orí gbogbo ọjà, láti orí tòmátì tó ń ti òkè Ọya bọ̀ dé orí ẹ̀kọ tí wọ́n ń pọ́n ládùúgbò. Òfin sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ti ọjà bọ̀ mọ̀ pé owó náà kò lè bá ọjà sáré.

Mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ máa febi pa inú. Ọ̀nà tí mo fẹ́ fi hàn yín ni èyí tí àwa gan-an gbà nínú ilé wa: ìwé kékeré kan, owó ìpìlẹ̀ kékeré kan, ọjà kan ṣoṣo tí a rà lásìkò rẹ̀, kí èrè orí rẹ̀ ra ọjà kejì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀ fún oṣù kan

Wọ́n máa ń sọ pé orí Alájọ Ṣómólú pé débi pé kì í kọ àjọ oníbàárà sílẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Orí tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ so bírò mọ́ ọn, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ gbogbo ilé lè tó o. Ẹ fa ìlà mẹ́ta sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kó lè pín sí mẹ́rin: ọjọ́, ohun tí a rà, iye tó jẹ́, ẹni tó ná an. Ata ₦500, ẹ kọ ọ́. Ọ̀kadà ₦300, ẹ kọ ọ́. Owó tí ẹ fi ta ọmọ ọlọ́mọ lọ́rẹ lójú ọ̀nà, ẹ kọ òun náà.

Ní oṣù àkọ́kọ́ yìí, ẹ má yí ohunkóhun padà. Ẹ máa ná owó bí ẹ ṣe ń ná an tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì bá ara yín jà lórí ohun tí ẹ bá rí nínú ìwé, torí ọjọ́ tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀ ni irọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀, ìwé tí irọ́ bá sì ti wọ̀ kò lè ran ilé lọ́wọ́ mọ́.

Ẹ̀yin tí owó yín kì í wọlé lóṣooṣù, ẹ̀yin awakọ̀, télọ̀, káfíńtà, ẹ̀yin tí ẹ ń patẹ, ẹ kọ iye tó wọlé lójoojúmọ́ pẹ̀lú. Tí ẹ bá ti ṣe é fún oṣù mẹ́ta, ẹ wo oṣù tí owó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun ni kí ẹ fi ṣètò ilé. Ohunkóhun tó bá wọlé ju iye yẹn lọ, owó ìpamọ́ ni.

Nínú ìwé tiwa, kì í ṣe ẹran tàbí ìrẹsì ló yà wá lẹ́nu. Ìpápánu àwọn ọmọ ni. Ọmọ mẹ́ta, ₦300 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún: ₦4,500 lọ́sẹ̀, ₦18,000 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Owó yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí à ń fi ra ẹja fún gbogbo ilé. Ní báyìí, ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa ń yan ẹ̀pà, tí a máa ń yan gúgúrú, tí a máa ń dín ṣin-ṣin, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń gé e. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ₦2,000 lọ. ₦2,500 tó ń ṣẹ́ kù lọ́sẹ̀ ni mo ń pè ní owó ìpìlẹ̀, n óò sì padà sórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: tọkọtaya jókòó, kí owó ilé hàn sí ẹni méjèèjì

Èyí ló le jù. Ọkọ wà tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ iye tó ń gbà. Ìyàwó wà tó ń dá àjọ tí ọkọ rẹ̀ ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Mi ò sọ pé ó burú kí ènìyàn ní owó tirẹ̀. Obìnrin tí kò ní kọ́bọ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́ kì í ní ìfọ̀kànbalẹ̀, ọkùnrin náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tó ń bọ́ ilé kò gbọdọ̀ pamọ́ fún ẹnì kankan nínú ẹni méjèèjì.

Ẹ má yan alẹ́ ọjọ́ tí owó wọlé, torí ojú máa ń tóbi lọ́jọ́ náà. Ẹ má yan ọjọ́ tí oúnjẹ tán, torí inú ti ń bí ènìyàn. Nílé wa, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù ni, lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti jẹun tán. Èmi á gbé ìwé wá, bàbá àwọn ọmọ á gbé kakulétọ̀ fóònù wọn.

Ohun tó ń fa ìjà jù ni iye tí oníkálukú máa mú wá. Ká pín in sí méjì dọ́gba kò tọ́ tí owó tó ń wọlé fún ẹni méjèèjì kò bá dọ́gba. Ẹ pín in gẹ́gẹ́ bí agbára ṣe mọ. Ká ní ọkọ ń gba ₦120,000, ìyàwó ń gba ₦80,000, àpapọ̀ rẹ̀ ₦200,000. Nínú gbogbo ₦10 tó wọlé, ₦6 ti ọ̀dọ̀ ọkọ wá, ₦4 ti ọ̀dọ̀ ìyàwó. Bí ìnáwó ilé nínú ìwé yín bá jẹ́ ₦130,000, ọkọ á mú ₦78,000 sílẹ̀, ìyàwó á mú ₦52,000 sílẹ̀. ₦42,000 kù sọ́wọ́ ọkọ, ₦28,000 kù sọ́wọ́ ìyàwó, kí ẹnì kan má bi ẹnì kejì léèrè ohun tó fi ṣe. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń rówó, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ilé gbọ́dọ̀ ní iye kan tó jẹ́ tirẹ̀ lóṣooṣù, bó ti wù kó kéré mọ.

Owó ìyá àti bàbá, ẹ kọ ọ́ sínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. ₦10,000 tí màmá mọ̀ pé ó ń bọ̀ lóṣooṣù kì í da ilé rú. Èyí tó ń da ilé rú ni ₦60,000 tí wọ́n ránṣẹ́ béèrè lójijì, torí pé odindi oṣù mẹ́fà kọjá láìsí ẹni tó bojú wò wọ́n.

Owó oúnjẹ, ẹ pín in sínú àpò ìwé márùn-ún, kì í ṣe mẹ́rin. Yàtọ̀ sí oṣù Kejì, oṣù kì í parí sí ọjọ́ 28. Àpò mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìkarùn-ún tó kéré fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó kù. Tí àpò ọ̀sẹ̀ yìí bá tán lọ́jọ́bọ̀, ohun tó bá wà nílé ni kí ẹ sè títí di òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ má ṣí àpò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ dí ibi tí owó ti ń jò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti ń gba owó. Ní àdúgbò wa, oní-POS ń gba ₦100 lórí ₦5,000. Tí ẹ bá lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, ₦400 ti lọ. Ní ọ̀sẹ̀ 52 tó wà nínú ọdún, ó di ₦20,800. Ẹ̀rọ ATM báǹkì tí ẹ ti ń fi owó pamọ́ kì í yọ nǹkan kan. Ti báǹkì mìíràn ni kí ẹ ṣọ́ra fún: láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2025, CBN, ìyẹn báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, fòpin sí ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀fẹ́ tí a ń rí gbà tẹ́lẹ̀, ₦100 ni wọ́n ń yọ lórí ₦20,000 tí ẹ̀rọ náà bá wà lọ́gbà báǹkì, tó bá wà níta, wọ́n tún lè fi iye tó tó ₦500 lé e. Ẹ gba owó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní báǹkì yín, kí ẹ kó o sínú àpò ìwé.

Káàdì fóònù tí ẹ ń yá náà ń jò. Lórí fóònù tèmi, ₦1,000 tí mo bá yá, ₦850 ló ń wọlé, ₦1,000 ni mo sì ń san padà. Mi ò mọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó ń gba irú èlé bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Lórí iná, àdúgbò tó wà ní Band A, níbi tí iná yẹ kó ti wà fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé yúnìtì kan lọ sí ₦225 níbẹ̀, wọ́n sì dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ ká fi ₦200 ṣírò kó lè rọrùn. Gílóòbù àtijọ́ oní-60 wáàtì márùn-ún tó bá tàn fún wákàtí mẹ́wàá ń jẹ yúnìtì mẹ́ta, ₦600 lójúmọ́. Gílóòbù LED oní-9 wáàtì márùn-ún, fún wákàtí mẹ́wàá kan náà, kò jẹ tó ìdajì yúnìtì kan: ₦90 péré. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 30 jẹ́ ₦15,300. Áyọ́ọ̀nù oní-1,000 wáàtì ń jẹ yúnìtì kan ní wákàtí kan, nítorí náà ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ lọ gbogbo aṣọ ilé-ìwé ọ̀sẹ̀ náà pa pọ̀, kí ẹ má máa gbóná áyọ́ọ̀nù lárààárọ̀ torí ṣẹ́ẹ̀tì kan. Tí fìrísà yín kò bá kún, ẹ fi ike omi dí àyè tó ṣófo. Yìnyín inú ike náà á máa bá yín tọ́jú ẹja nígbà tí iná bá lọ.

Gáàsì: ara sílíńdà ni wọ́n ti tẹ ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ sí, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ TW sí, lọ́rùn rẹ̀. Bí ẹ bá ra kílò 5, ẹ ní kí wọ́n gbé sílíńdà sórí ìwọ̀n lójú yín, kí iye tó bá jáde jẹ́ iye òfìfo pẹ̀lú 5, yàtọ̀ sí ti gáàsì tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Mo ti bá a pàdé nígbà kan pé kílò kan àti díẹ̀ kò pé. Látọjọ́ náà, ìwọ̀n ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Kí ẹ sì máa rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú kí ẹ tó sè é, iná tó máa jẹ á dín kù gan-an.

Gbogbo ohun tí ẹ bá rí gbà padà níbí, pẹ̀lú owó ìpìlẹ̀ tó ṣẹ́ kù lórí ìpápánu, kóló ni kí ó wọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá sun inú pọ́ọ̀sì mọ́jú, a ti ná an.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ra oúnjẹ lásìkò rẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ ìyá mi wà. Ẹ yan nǹkan kan ṣoṣo tí ilé yín ń jẹ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí kì í tètè bàjẹ́, kí ẹ fi owó ìpìlẹ̀ inú kóló rà á. Ẹ má kó mẹ́ta pọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́.

Ẹ̀wà ń jáde lóko òkè Ọya láti oṣù Kẹwàá sí Kejìlá. Láàárín oṣù Kọkànlá sí Kìíní ni ó máa ń rọjú jù ní Bódìjà. Tó bá fi máa di oṣù Karùn-ún sí Kẹjọ, ó ti wọ́n. Epo pupa ń pọ̀ láti oṣù Kejì sí Karùn-ún, nígbà tí ẹyìn pọ̀ lórí ọ̀pẹ, ó sì máa ń wọ́n láti oṣù Kẹsàn-án lọ. Àlùbọ́sà tuntun ń dé láàárín oṣù Kejì sí Kẹrin. Oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá ló máa ń gun orí òkè. Tòmátì ń kún Ṣáṣá àti Mile 12 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, títí di oṣù Kẹta. Ẹni tó bá dúró di oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà máa fi owó agbọ̀n ra abọ́. Àgbàdo gbígbẹ fún ògì, lẹ́yìn ìkórè oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án. Iṣu ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láti oṣù Kẹjọ, oṣù Karùn-ún àti Kẹfà ló máa ń ṣọ̀wọ́n. Èlùbọ́, ìgbà ọyẹ́, nígbà tí àwọn tó ń sá gbódó bá rí oòrùn dáadáa. Ìrẹsì ilẹ̀ wa, ẹ rà á ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, kí ọ̀sẹ̀ Kérésì tó sọ ọ́ di wúrà. Bí ẹran Iléyá náà ṣe rí nìyẹn: ẹni tó bá dá owó ra àgbò ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, tí ó sì ní ibi tí yóò so ó sí, kò ní bá àwọn tó ń rà á ní ọ̀sẹ̀ ọdún du owó.

Tí owó yín kò bá tó àpò kan, ẹ pe aládùúgbò méjì tàbí mẹ́ta. Owó gbọ́dọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni tó kúrò nílé lọ sọ́jà. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni san owó tirẹ̀ ṣíwájú, torí ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ti ń bàjẹ́. Owó ọkọ̀ àti ti alábàárù, ẹ pín in. Kóńgò kan náà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n fún gbogbo yín, níṣojú gbogbo yín. Ẹ mú kóńgò tiyín lọ sọ́jà pàápàá, torí kóńgò wà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹni tó mọ ọjà á ti yí i padà wo ìdí rẹ̀ kó tó béèrè iye.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ra ẹ̀wà púpọ̀, mo dà á sínú àpò bó ṣe wà, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní oṣù Kẹta, kòkòrò ti sọ gbogbo rẹ̀ di ìyẹ̀fun, mo sunkún lórí rẹ̀. Màámi kò bá mi wí. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ sá ẹ̀wà sóòrùn títí tó fi ń dún wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀ tí ẹ bá fọwọ́ rú u, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ẹ fọ kẹ́ẹ̀gì oníke, ẹ jẹ́ kó gbẹ dé inú. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó bá wà níbẹ̀ á mú un bu. Ẹ bu ẹ̀wà sí i, ẹ máa jó kẹ́ẹ̀gì náà nílẹ̀ kó lè jókòó, kí ẹ tún bù sí i títí tó fi kún dé ọrùn, kí àyè má sí fún afẹ́fẹ́. Ẹ fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá fi ọmọrí dé e pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, yóò kú kó tó pọ̀. Kẹ́ẹ̀gì kékeré púpọ̀ sàn ju ọ̀kan ńlá lọ, torí ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i ni afẹ́fẹ́ tún wọ̀ ọ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi oògùn apakòkòrò olómi sí oúnjẹ. Dichlorvos ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, májèlé ni, sísè kò sì sọ oúnjẹ tó ti wọ̀ di ohun tó ṣe é jẹ. NAFDAC ti fòfin de títa èyí tó wà nínú ike kékeré láti ọdún 2019 nítorí àwọn tó ń ṣì í lò.

Tòmátì, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é títí omi rẹ̀ fi gbẹ, kí ẹ bù ú sínú ọ̀rá ìwọ̀n ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ fi sí fìrísà. Ibi tí iná kò bá ti dáa, ẹ là á, kí ẹ sá a gbẹ. Epo, kí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kún, kó má rí oòrùn. Àlùbọ́sà, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, kó má kó ara jọ.

Wàyí o, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe, tí ọjà tí wọ́n rà lọ́pọ̀ kì í fi í mú wọn lọ síbi kankan, ni èyí. Tí oúnjẹ bá ti wà nílé, wọ́n á jẹ ẹ́ bí ọ̀fẹ́, wọ́n á sì fi owó oúnjẹ oṣù náà ṣe nǹkan mìíràn. Nígbà tí ọdún bá yí po, kò sí ẹ̀wà, kò sí owó. Màámi ní, "Ọlọ́jà kì í jẹ ọjà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́." Tí ẹ bá bu kóńgò kan nínú ẹ̀wà tó wà nílé, ẹ rà á lọ́wọ́ ara yín: ẹ yọ iye tí kóńgò kan ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ náà nínú àpò ìwé oúnjẹ, ẹ sọ ọ́ sínú kóló.

Ká ní ẹ ra kóńgò 20 ní oṣù Kejìlá, ₦1,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦30,000. Tí iye tí ẹ rà á lọ́wọ́ ara yín láti oṣù Kejì sí Keje bá jẹ́ ₦2,000 tí a bá pín in dọ́gba, ₦40,000 ló máa wà nínú kóló. ₦30,000 tún ra kóńgò 20, ₦10,000 ra epo. Ilé kò jẹ ju bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì jẹ kéré sí i.

Ẹ má rà ju ohun tí ilé yín lè jẹ ní oṣù mẹ́fà lọ, ẹ má sì fi owó ilé-ìwé tàbí owó háyà ilé rà á. Ọjà lè já wálẹ̀, kòkòrò lè wọlé. Owó tí ẹ̀ ń wá lọ́la kò gbọdọ̀ wà nínú kẹ́ẹ̀gì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ibi tí owó máa dúró sí

Kóló dára fún owó tí kò ju oṣù díẹ̀ lọ. Onígi tí wọ́n kàn pa ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó ní kọ́kọ́rọ́.

Àjọ ojoojúmọ́ dára fún ẹni tó ń rówó lójúmọ́. ₦1,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31, alájọ á mú ti ọjọ́ kan, ẹ óò gba ₦30,000. Owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò pọ̀ jù fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn wá bá yín. Ṣùgbọ́n ẹ gba owó yín lóṣooṣù. Èmi fi owó oṣù mọ́kànlá sílẹ̀ lọ́wọ́ alájọ kan lẹ́ẹ̀kan, torí pé mo fẹ́ fi ṣe ọdún. Oṣù Kejìlá dé, ilé rẹ̀ ti ṣófo. Owó tó wà lọ́wọ́ alájọ kò ní onídùúró kankan. Èyí tó wà ní báǹkì tó ní ìwé àṣẹ ní NDIC, àjọ ìjọba tó ń dúró fún owó oníbàárà báǹkì, lẹ́yìn rẹ̀: láti ọdún 2024, tí báǹkì ńlá bá kú, wọ́n ń san tó mílíọ̀nù ₦5 fún olówó kọ̀ọ̀kan, tó bá jẹ́ báǹkì kékeré, ìyẹn microfinance, tó mílíọ̀nù ₦2. Nítorí náà, ẹ gba àjọ lọ́jọ́ 31, kí ẹ gbé e lọ sí báǹkì lọ́jọ́ kejì.

Èésú ni mo fẹ́ràn jù. Ènìyàn mẹ́wàá, ₦20,000 lóṣù, ₦200,000 lẹ́ẹ̀kan náà fún ẹni tó kàn, láìsí èlé. Ẹ má kàn gba nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún oṣù tí ọjà yín máa ń rọjú, tàbí oṣù Kẹsàn-án tí owó ilé-ìwé máa ń dé. Kí ẹ sì mọ ẹni mẹ́sàn-án yòókù, ilé wọn àti iṣẹ́ wọn.

Kọ́pọ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ti ibi iṣẹ́ tàbí ti ọjà dára fún yíyá owó tí ẹ óò fi ṣe nǹkan ńlá, ọ̀pọ̀ wọn ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun tí ẹ ti fi pamọ́. Ẹ má yá a fi ṣe ìnáwó òde. Fún owó tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ìjọba àpapọ̀ ní FGN Savings Bond láti ọdún 2017, ìyẹn ni pé ẹ̀ ń yá ìjọba lówó. ₦5,000 lẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń san èlé lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Èlé náà lè má bá ọjà dọ́gba, ṣùgbọ́n owó náà kò ní sá lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àìsàn, òde, àti gbèsè

Àìsàn ọmọ kan ṣoṣo lè gbé ẹ̀wà, epo àti èésú lọ lọ́sẹ̀ kan. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ètò ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ yín, OYSHIA ní Ọ̀yọ́, Ìlera Èkó ní Èkó. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù náà ní tiwọn. Ẹ ṣe é nígbà tí ara gbogbo yín yá.

Òde: ní oṣù Kìíní, ẹ dá iye tí ẹ máa ná sórí aṣọ ẹbí àti ìnáwó ẹlòmíràn fún odindi ọdún. Nígbà tó bá tán, ẹ lọ sí òde náà pẹ̀lú aṣọ tó wà nílé, ẹ fi owó díẹ̀ sọ́wọ́ olóhun, kí ẹ bá a jó dáadáa. Mo ti ṣe é níbi ìsìnkú àti níbi ìgbéyàwó, wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀.

Àwìn ládùúgbò, ẹ san án kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ kóló, torí ẹni tó ń ra àwìn kì í lè dúnàá dúrà. Ẹ̀yin tí ẹ ń yá owó lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, bóyá ilé-iṣẹ́ náà gba àṣẹ. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí fóònù yín, kó tó gba nọ́ńbà gbogbo ará ilé yín.

Tí ẹ bá wá dí kẹ́ẹ̀gì ẹ̀wà àkọ́kọ́ yín, ẹ fi bébà lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ dí i àti iye tí kóńgò kan jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i ní oṣù Kẹfà, ẹ rán ọmọ lọ béèrè iye tó ń lọ lọ́jà, kí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, kó yọ èkíní kúrò nínú èkejì, kó sì ju owó kóńgò náà sínú kóló.